Tuntun Ti Wọlé, Ti Àtijọ́ Kò Tíì Jáde

Mo kí ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Sẹkitéríàtì Alágbàká dé ilé. Mo kí ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí ẹ ń bá ará ìlú tẹ ìwé, tí ẹ sì ń bá àwọn ọmọ wa forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Mo kí ẹ̀yin ará Òǹdó náà, àti ẹ̀yin tí ó jẹ́ pé inú ìwé ni ẹ ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo mú wá lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pa rédíò yín. Ẹni tí ó bá ti gba òṣìṣẹ́ rí, tí ó sì ti dá òṣìṣẹ́ dúró rí, yóò mọ ohun tí mo ń wí kí n tó sọ ọ́ tán.

Gbogbo ẹni tí ó ń lo kọ̀ǹpútà ni ó mọ fèrèsé kékeré kan tí ó máa ń yọ ní igun ojú ẹ̀rọ. Ohun tí ó máa ń wí ni pé ọ̀tun ti dé, ẹ jẹ́ kí a gbé e wọlé. “Update” ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní àtúnṣe. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń lé fèrèsé yìí dànù lójoojúmọ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ọ̀rọ̀ tiwọn kò gùn: kí wọ́n yé ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí mo dìídì wá bá sọ̀rọ̀ ni àwọn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n dúró tì í, tí wọ́n rí i pé ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ ti parí, tí ọkàn wọn sì balẹ̀. Wọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé nígbà ayé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, bí ará ìlú bá ní ẹjọ́ láti rò, òun nìkan kò lè rò ó. Òyìnbó kò gbọ́ Yorùbá, ará ìlú kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ògbufọ̀ ni ó ń dúró láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni kékeré ni ògbufọ̀ lójú òyìnbó, ṣùgbọ́n agbára ọwọ́ rẹ̀ kò kéré, nítorí ohun tí ó bá wí ni òyìnbó gbọ́. Inú kọ̀ǹpútà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ ètò tí ẹ fi ń ṣírò owó oṣù, tàbí tí ẹ fi ń kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, kì í bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní ètò mìíràn tí ó máa ń bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀, tí ó sì ń gbé e ró títí iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi parí. “Runtime” ni àwọn onímọ̀ ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀. Èmi yóò máa pè é ní ògbufọ̀. Ẹ kì í tẹ̀ ẹ́ kí ó ṣí, ẹ kì í sì í rí i lójú iṣẹ́. Ìgbà tí kò bá sí níbẹ̀ ni ẹ óò mọ̀, nítorí pé ètò tí ẹ nílò yóò kọ̀, kò ní dìde.

Ògbufọ̀ tí orúkọ rẹ̀ kàn jù nínú wọn ni Java. Ọdún 1995 ni ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ti Amẹ́ríkà gbé e jáde. James Gosling ni aṣáájú àwọn tí ó ṣe é. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí ẹni tí ó kọ ètò má ṣe máa kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún oríṣiríṣi ẹ̀rọ: kí ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ògbufọ̀ tí ó wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀rọ tirẹ̀. Ohun tí ó dára ni, ó sì tàn kálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí ó di ọdún 2015, kọ̀ǹpútà tí Java wà nínú rẹ̀ ju 850 mílíọ̀nù lọ. Ilé-iṣẹ́ Oracle ti ra Sun ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, Java sì ti di tirẹ̀ láti ìgbà náà.

Níbi tí ògbufọ̀ bá ti lókìkí, ibẹ̀ ni ọlọ́ṣà ń wò. Wọ́n kíyè sí i pé bí a bá sọ gbólóhùn báyìí báyìí fún Java, yóò ṣì í gbọ́, yóò sì ṣí ilẹ̀kùn tí kò yẹ kí ó ṣí. Bí ènìyàn bá ṣèèṣì dé ojú ìwé búburú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú ìwé náà yóò bá Java inú ẹ̀rọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀, kí ó tó ṣẹ́jú, wọ́n ti lè jí ọ̀rọ̀ àṣírí tí ó fi ń wọ báńkì rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí iléeṣẹ́ ààbò abẹ́lé ti Amẹ́ríkà fi gba gbogbo ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n pa Java nínú ètò tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbàkígbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, Oracle a kọ́ ògbufọ̀ tuntun tí kò ní ṣìnà níbẹ̀ mọ́, a sì fi í ránṣẹ́. Òun ni àtúnṣe tí fèrèsé kékeré náà ń kéde.

Ibí ni ọ̀rọ̀ mi wà gan-an. Bí ẹ bá gba ògbufọ̀ tuntun, kí ni ẹ ṣe sí ti tẹ́lẹ̀? Ẹ óò ní ó ti lọ. Kò lọ o. Fún ọdún púpọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo tí ó ṣáájú rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí ni àtúnṣe Java máa ń mú kúrò. Èyí tí ó bá dàgbà ju ìyẹn lọ, kò fọwọ́ kàn án. Èyí tí ó bá sì ṣáájú Java 6 àtúnṣe 10, kò mú un kúrò rárá. Ẹnì kan lè gba àtúnṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ògbufọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì wà nínú ilé rẹ̀ síbẹ̀: tuntun jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, àwọn àgbààgbà tí ọlọ́ṣà ti mọ ibi tí wọ́n kù sí wà ní yàrá ẹ̀yìn, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ọlọ́ṣà kì í béèrè tuntun. Yóò béèrè èyí tí ó mọ̀.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 2015 ni Federal Trade Commission, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń gbèjà oníbàárà, kéde pé Oracle ti gbà láti bá àwọn ṣe àdéhùn lórí ẹ̀sùn yìí. Wọn kò sọ pé àtúnṣe náà kò dára. Ohun tí wọ́n wí ni pé Oracle ń sọ fún àwọn ènìyàn pé bí wọ́n bá ti gba àtúnṣe, ààbò ti wà lórí ẹ̀rọ wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ fún wọn pé ti àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Àdéhùn náà ní kí Oracle máa sọ fún oníbàárà, nígbà tí àtúnṣe bá ń lọ lọ́wọ́, bí ti àtijọ́ bá wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó sọ ewu tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì fún un láàyè láti yọ ọ́. Lójú tèmi, ẹ̀sùn náà tọ́. Ẹni tí ó ta àgádágodo fún mi, tí ó sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé mi ṣí sílẹ̀, ó yẹ kí ó wí fún mi.

Ohun mìíràn tún wà tí ó ń bí àwọn ènìyàn nínú nígbà náà. Àtúnṣe Java a máa gbé àlejò tí a kò pè dání, ohun ìwádìí kan tí a ń pè ní Ask, tí yóò lọ fi ara rẹ̀ há inú ètò íntánẹ́ẹ̀tì yín bí ẹ kò bá tètè yọ àmì tí wọ́n ti fi síbẹ̀ dè yín. Nítorí rẹ̀ ni àwọn kan ṣe kọ àtúnṣe sílẹ̀ pátápátá. N kò dá wọn lẹ́bi púpọ̀.

Ẹ lè béèrè pé, kí ló dé tí wọn kò kàn lé ti àtijọ́ lọ? Kì í ṣe àìbìkítà nìkan. Ètò ìṣirò kan tí wọ́n kọ ní ọdún 2008 fún Java 6 lè kọ̀ kí ó má bá ògbufọ̀ mìíràn ṣiṣẹ́. Bí a bá wá lé ògbufọ̀ rẹ̀ lọ ní alẹ́ tí owó oṣù ku ọ̀la, ariwo tí yóò sọ ní Alágbàká, wọn yóò gbọ́ ọ dé Ọjà Ọba. Nítorí èyí ni àwọn tí ń ṣe ètò fi máa ń ní, ẹ fi í sílẹ̀, kí a má baà ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣáà sọ fún onílé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Tiwa ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ojú gbogbo ẹni tí ó ní ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ó sì ṣe. Àjọ JAMB yí ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe ìdánwò padà ní ọdún náà. Wọ́n ń da ìdáhùn tí ọmọ yóò yàn nínú wọn rú, kí ti ọmọ kan má baà bá ti ẹni tí ó jókòó tì í mu, wọ́n sì yí ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà máàkì padà. Ìyípadà yìí béèrè àtúnṣe lórí àwọn ẹ̀rọ ńlá tí ń gba ìdáhùn wọlé. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín àwọn ẹ̀rọ náà sí. Wọ́n fi àtúnṣe sórí ìpín kan, èyí tí wọ́n fi KAD ṣe orúkọ rẹ̀. Wọn kò fi í sórí ìpín kejì, LAG, èyí tí ó ń bójú tó Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Ìdánwò tuntun ni àwọn ọmọ ṣe níbẹ̀. Ètò àtijọ́ ni ó máàkì rẹ̀ fún wọn. Kò sì sí ẹni tí ó rí i kí èsì tó jáde.

Ibùdó ìdánwò tí ó kàn jẹ́ 157: 65 ní Èkó, 92 ní Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Iye àwọn ọmọ náà jẹ́ 379,997, Èkó nìkan sì ní 206,610 nínú wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, tí ó jẹ́ olórí JAMB nígbà náà, tọrọ àforíjì níwájú àwọn oníròyìn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ 16 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ náà padà láti tún ìdánwò ṣe. Ní ti òótọ́, kì í ṣe ògbufọ̀ ni wọn kò pààrọ̀ níbẹ̀, ètò ìdánwò gan-an ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wàhálà gbà wọlé: tuntun dé ibì kan, àtijọ́ ṣì jókòó síbòmíràn, ojú gbogbo ènìyàn sì wà lára tuntun. Ẹ bá mi ro ti ọmọ tí ó jí ní ìdájí, tí ó wọ ọkọ̀ lọ síbi ìdánwò, tí ó dáhùn ìbéèrè bí ó ti yẹ, tí ẹ̀rọ sì wá sọ fún bàbá rẹ̀ pé kò mọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí a padà wá sí Alágbàká níbí. Ọ̀pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí a ń lò ni ó jẹ́ tòkúnbọ̀. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ ra gbogbo ohun tí ẹni àkọ́kọ́ gbé sínú rẹ̀ pẹ̀lú, àfi bí ẹni tí ó tà á bá ti nu inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Nítorí náà, bí ẹ tilẹ̀ jẹ́ ẹni tí kò fi àtúnṣe ṣeré, ògbufọ̀ tí ẹ kò gbà síṣẹ́ rí lè wà nínú ilé yín.

Bí ẹ óò ṣe mọ̀ nìyí. Nínú Windows 11, ẹ ṣí Settings, kí ẹ tẹ Apps, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ Installed apps. Nínú Windows 10, Apps & features ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ó bá dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ sí Control Panel, kí ẹ wá Programs and Features. Orúkọ gbogbo ètò yóò tò sílẹ̀. Ẹ mú bírò àti ìwé, kí ẹ lọ sí ibi tí J wà, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Java sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó wọlé. Bí ẹ bá rí méjì tí nọ́ńbà wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tí wọ́n kọ 64-bit sí ara ọ̀kan, ẹ má bẹ̀rù, ìbejì ni wọ́n. Kì í ṣe pé ọ̀kan gbó ju èkejì lọ.

Mo ní kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. N kò tíì ní kí ẹ yọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, nínú gbogbo ètò tí a fi ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín, èwo ni ó ń lo ògbufọ̀ yìí? Ẹ pe ẹni tí ó ta ètò náà fún yín, kí ẹ bi í léèrè. Ẹ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ yín sórí fláàṣì. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ ẹyọ kan, èyí tí ó gbó jù. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún tàn án, kí ẹ dán ètò yín wò dáadáa, kí ẹ tẹ ìwé kan jáde nínú rẹ̀ pàápàá. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ geere, ẹ yọ èkejì. Bí ẹ bá rí i pé ẹ kò lè ṣe láìsí ti àtijọ́, nítorí ètò kan tí kò sí ẹni tí yóò tún un kọ mọ́, ẹ fi í sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kí kọ̀ǹpútà náà má sì fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀pọ̀ onítara ni ó ń ṣubú níbi tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ óò rí àwọn kan nínú orúkọ tí ó tò sílẹ̀ náà tí a ń pè ní Microsoft Visual C++ Redistributable, tí wọ́n kọ ọdún sí lára: 2008, 2010, 2012, 2013. Ẹni tí ó bá wò wọ́n yóò ní àtijọ́ nìwọ̀nyí, jẹ́ kí n fi ti tuntun sílẹ̀, kí n kó ìyókù dànù. Rárá o. Àwọn wọ̀nyí kì í jogún iṣẹ́ ara wọn. Ti 2008 kò lè ṣe iṣẹ́ ti 2010, ti 2013 kò sì lè ṣe iṣẹ́ ti 2008. Ètò tí wọ́n kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ni ó ń sìn. Láti ti 2015 síwájú ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹyọ kan fún gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá kó wọn dànù ní alẹ́ yóò bá ètò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò ṣí ní àárọ̀, yóò sì máa fi ẹ̀sùn kan iná mọ̀nàmọ́ná.

Ti .NET wà láàárín méjèèjì. Gbígbé .NET 8 wọlé kò mú .NET 6 kúrò, bẹ́ẹ̀ ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe .NET 6 dúró láti ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ìbéèrè kan náà ni: ta ni ó ń lò ó? Flash Player ní tirẹ̀ kò ní àríyànjiyàn nínú. Adobe pa á tì ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì ní kí a yọ ọ́. Bí ẹ bá bá a níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ lónìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti mọ̀ ọ́n lò díẹ̀ yóò sọ pé, ṣebí bí a bá kọ java -version sínú fèrèsé dúdú, yóò sọ èyí tí ó wà fún wa? Èyí tí ó bá kọ́kọ́ dáhùn nìkan ni yóò sọ. Ó dà bí ìgbà tí ẹ kan ilẹ̀kùn tí ọmọ kan sì jẹ́ yín lóhùn; ìyẹn kò fi hàn pé òun nìkan ni ó wà nílé. Ètò mìíràn sì wà tí ó ń gbé Java tirẹ̀ pamọ́ sínú àpótí ara rẹ̀. Irú ìyẹn kì í yọ nínú orúkọ tí ó tò sílẹ̀, bí a bá sì mú Java ìta ọ̀tun wá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò kàn án. Àtúnṣe ètò náà gan-an ni yóò tún un ṣe, nítorí náà ẹ máa gba tirẹ̀ bí ó bá dé.

Owó pàápàá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ̀yin ọ̀gá ọ́fíìsì tẹ́tí sílẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2019 ni Oracle ti ní kí ilé-iṣẹ́ máa sanwó kí wọ́n tó lo àtúnṣe tuntun ti Java 8 fún iṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ń lò ó fún ara rẹ̀ nílé kò sanwó. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, iye gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣírò owó náà, kì í ṣe iye kọ̀ǹpútà tí Java wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi lọ sí Temurin, Java ọ̀fẹ́ tí ẹgbẹ́ Adoptium ń ṣe. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Temurin kò ní lé Java Oracle jáde fún yín nígbà tí ó bá wọlé. Ògbufọ̀ ilé méjì ni yóò máa gbé pọ̀, gbèsè sì lè wà lára èyí tí ẹ ti gbàgbé sórí ẹ̀rọ akọ̀wé kan ní yàrá ìsàlẹ̀.

Ó ku ohun méjì. Ẹ má ṣe gba àtúnṣe lọ́wọ́ fèrèsé tí ó bá yọ láàárín ìgbà tí ẹ ń ka ìròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó ń pariwo pé Java yín ti gbó, ẹ tẹ ibí kíákíá. Ọlọ́ṣà ni ó ń kan ilẹ̀kùn. Ilé ẹni tí ó ṣe é ni kí ẹ lọ gbà á.

Èkejì ni ti iná. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí nígbà tí iná bá ń ṣẹ́jú, tí epo kò sì sí nínú jẹnẹrétọ̀, tí bátìrì ẹ̀rọ náà sì ti kú, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀. Bí iná bá lọ láàárín, ti àtijọ́ lè ti kúrò ní ìdajì, kí tuntun má sì tíì rí ibi jókòó. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ ní ìtẹ̀kútẹ̀ẹ́. Ẹ dúró kí iná dé, ẹ yọ èyí tí ó ṣẹ́kù pátápátá, ẹ tún ẹ̀rọ tàn, kí ẹ sì gbé tuntun wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ padà sí ibi tí orúkọ tò sí, kí ẹ mú ìwé tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi wé ohun tí ẹ rí. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, nítorí ẹni tí yóò jókòó sí àga yẹn lọ́dún tí ń bọ̀ lè má jẹ́ ẹ̀yin.

Ó dàárọ̀ o.